Pípààrọ̀ Táyà Alùpùpù Nínú Ilé, àti Bí A Ti Ń Mú Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Dọ́gba

Ọ̀ràn tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀ràn ìta lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n lójú tiwa ọ̀ràn ilé ni. Ohun tí ó ń gbé bàbá lọ sí ibi iṣẹ́, tí ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ń gbé ìyá ti ọjà bọ̀, òun pẹ̀lú jẹ́ ará ilé, ó sì yẹ kí a mọ ìtọ́jú rẹ̀. Alùpùpù ni a ń wí, àti ní pàtàkì, táyà rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbé Festac Town tàbí ibikíbi ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin yóò tètè mọ ìdí ọ̀rọ̀ wa. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac láti fi gba àwọn àlejò tí wọ́n wá sí àjọ̀dún ńlá ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Wọ́n la ìlú náà ní òpópó gbọọrọ-gbọọrọ, tí a fi nọ́ńbà pè. Ẹni tí ó bá sì ń gbé ìhà Seventh Avenue kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé First Gate láràárọ̀ kí ó má rẹ̀ ẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n sì fi 4 kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nítorí náà alùpùpù ṣì pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wa kò rọ̀ fún táyà. Iyanrìn ń bẹ, kòtò ń bẹ, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ti èbúté Àpápá bọ̀ gba ìhà Mile 2 sì ń já ìṣó àti èékún irin sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí a tó máa kọ́ni, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, táyà iwájú alùpùpù wa jẹ tán. A lọ ra tòkunbọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà nítorí pé owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó tuntun. Ara rẹ̀ ń dán, ìlà rẹ̀ sì jinlẹ̀; a wí nínú ọkàn wa pé a gbọ́n ju àwọn tí ń ra tuntun lọ. Fọ́kanáísà kan fi òòlù lù ú wọ inú rímù kí a tó fi ojú wa kẹ́jì wò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a gbé ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, a ń lọ sí ilé ìjọsìn. Nígbà tí a wà nínú Close wa, ohun gbogbo dára. Nígbà tí a bọ́ sí òpópó tí a sì sáré díẹ̀, ọwọ́ alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọmọ náà sì bi wá láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ń gbọ̀n ni, àbí ọ̀kadà wa?”

A dẹ eré. Kí a tó dúró tán, ẹ̀gbẹ́ táyà náà wú, ó sì bẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé iyanrìn ẹ̀bá ọ̀nà ni a ṣubú sí, kì í ṣe abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọ náà bó lórúnkún, kò sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a délé tí a sì wo ara táyà náà dáradára, a rí i pé ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ṣe é. Ọjọ́ orí kan náà ni táyà náà àti ọmọ tí a fi lé e lórí. Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé ẹsẹ̀ tí ọmọ wa yóò gùn, ọwọ́ wa ni yóò tò ó, ojú wa ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe ohun tuntun pé bàbá ń ṣe táyà nítorí ọmọ. Òyìnbó kan tí à ń pè ní Robert William Thomson ti gba ìwé àṣẹ lórí táyà oníafẹ́fẹ́ ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n ayé kò náání rẹ̀, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko ní ìlú Belfast, rí i pé kẹ̀kẹ́ kékeré ọmọ òun ń gbo ọmọ náà jù lórí ilẹ̀ olókùúta. Ó fi rọ́bà ṣe túùbù, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó fi aṣọ dì í mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní ọdún 1888. Ìtura ọmọ kan nínú àgbàlá ni ó bí ohun tí gbogbo ayé ń gùn lónìí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Nọ́ńbà méjì ni ẹ gbọ́dọ̀ kà lára táyà kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò. Èkínní ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá rí 3.00–17, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táyà náà fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́ta, rímù tí ó bá a mu sì jẹ́ ínǹṣì mẹ́tàdínlógún láti etí dé etí. Ìwọ̀n tí ó wà lára táyà tí alùpùpù bá wá láti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ rà; ẹ má ṣe gba èyí tí ó “fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu.” Èkejì ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2324, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, a máa kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo táyà tí ó ti ju ọdún mẹ́rin lọ, ìbáà dán bí dígí. Oòrùn wa a máa gbẹ rọ́bà, rọ́bà tí ó bá sì gbẹ a máa sán wẹ́ẹ́-wẹ́ẹ́ láti inú wá. Tòkunbọ̀ táyà gan-an wà nínú àwọn ohun tí àṣọ́bodè ilẹ̀ wa kò fi àyè gbà kí a kó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dé Mile 2 mọ̀ pé ó ń wọlé. Kí olúkúlùkù ṣọ́ ara rẹ̀.

Kí ẹ ra túùbù tuntun pẹ̀lú táyà tuntun, àti bẹ́líìtì rọ́bà tí ó ń bo orí àwọn sípóòkù nínú rímù. Ní ilé, ẹ pèsè sípánà tí ó bá àwọn nọ́ọ̀tì yín mu, irin pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta tí a fi ń ká táyà, tí ẹ ti fi fáìlì ra ẹnu wọn kí ó má mú. Póńpù, gééjì, omi ọṣẹ, àtíkè, ẹfun ìkọ̀wé kan, àti abọ́ kan fún nọ́ọ̀tì. Ẹ má ṣe fi epo ẹńjìnnì tàbí pẹtiróòlù dípò omi ọṣẹ, nítorí epo a máa jẹ rọ́bà.

Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣinṣin lórí ìdúró àárín rẹ̀, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó tẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ tú irin bíréékì, ẹ dẹ ṣéènì, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí ọ̀pá àárín ẹsẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fa ọ̀pá náà yọ. Òrùka irin kọ̀ọ̀kan tí ó bá jáde, ẹ tò ó sínú abọ́ ní títẹ̀lé bí ó ti jáde, nítorí bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe padà wọlé.

Ẹ yọ pín kékeré ẹnu túùbù, kí afẹ́fẹ́ jáde tán pátápátá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń jà bí ẹni ń jà pẹ̀lú ọ̀tá. Wọ́n a máa fi òòlù lu táyà, wọ́n a máa fi irin wọ́ ọ, títí rímù yóò fi tẹ̀ tàbí túùbù yóò fi ya. Gbogbo àṣírí iṣẹ́ náà kò ju ọ̀kan lọ. Inú rímù ní kòtò kan ní àárín, tí ó rẹlẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi orúnkún tẹ etí táyà sínú kòtò náà ní ìhà kan, ìhà kejì yóò rí àyè, yóò sì rọrùn láti fi irin ká a síta. Ìhà tí ẹnu túùbù wà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, kí orúnkún yín sì wà ní òdìkejì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fi gbogbo agbára fà, ẹ dúró. Etí táyà ti jáde kúrò nínú kòtò ní òdìkejì.

Kí tuntun tó wọlé, ẹ fọ rímù, kí ẹ fi ìka tọ́ gbogbo inú rẹ̀ wò. Bí sípóòkù kan bá yọ orí, ẹ fi fáìlì ra á. Ẹ wo ara táyà: bí ọfà bá wà níbẹ̀, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń yí sí ni kí ó kọ ojú sí. Bí àmì róbótó aláwọ̀ ìyeyè bá wà, ibẹ̀ ni ó fúyẹ́ jù lára táyà náà. Ẹ jẹ́ kí ó kọjú sí ẹnu túùbù, tí ó wúwo díẹ̀. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí túùbù kí ó lè ní ìrísí, ẹ wọ́n àtíkè sí i, kí ẹ sì tì í wọlé. Nísinsìnyí, òdìkejì ẹnu túùbù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ táyà, kí ẹ sì parí rẹ̀ sí ìhà ẹnu túùbù. Lẹ́yìn náà ẹ ti ẹnu túùbù sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ó má bàa há sí abẹ́ etí táyà. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ tú u, kí ẹ tún fẹ́ ẹ. Èyí ni yóò tẹ́ túùbù tí ó bá ká. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ẹ̀gbẹ́ táyà ká nítòsí rímù. Bí ìlà náà bá dọ́gba yíká, táyà ti jókòó. Bí ó bá rì níbì kan, kò tíì jókòó; ẹ fi omi ọṣẹ sí i, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má ṣe fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá iye tí a kọ sí ara táyà láé.

A dé ibi tí ọ̀pọ̀ kì í dé, èyíinì ni mímú ẹsẹ̀ dọ́gba. Kò sí táyà tàbí rímù tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba yíká. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò hàn yín. Bí ẹsẹ̀ alùpùpù kékeré bá ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ó ń yí ju ìgbà 9 lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí etí rímù bá fi gíráàmù 20 péré wúwo ní ìhà kan ju òdìkejì lọ, ìwúwo kékeré yìí yóò máa fa ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé kílò kan àti ààbọ̀ so mọ́ ọn, sókè sódò, ìgbà mẹ́sàn-án kí ènìyàn tó ṣẹ́jú tán. Bí eré bá dín sí ìdajì, agbára náà yóò dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ohun gbogbo fi dára nínú Close wa, tí ìgbọ̀n fi dé ní òpópó. Ìgbọ̀n náà a máa jẹ táyà, a máa jẹ béárì, a sì máa kú ọwọ́ ẹni tí ó wà lókè rẹ̀. Ìwé Mímọ́ bá àwọn oníṣòwò wí gidigidi nítorí òṣùwọ̀n èké. Ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba kò yàtọ̀ sí i.

Kò sí ẹ̀rọ kan tí a nílò fún un. Ẹ gbé àga méjì tí ó dọ́gba kalẹ̀, ẹ ki ọ̀pá àárín bọ inú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé orí ọ̀pá méjèèjì lé àga náà, kí ẹsẹ̀ wà láàárín wọn ní òfo. Ẹ ti yọ ilé bíréékì kúrò, kí ohunkóhun má di ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ìhà tí ó wúwo yóò wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí òkè gan-an. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí àmì náà bá ń padà sí òkè nígbà gbogbo, òótọ́ ni ẹsẹ̀ ń sọ. Nígbà náà ẹ wé òjé tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń jó wáyà pọ̀, mọ́ ìdí sípóòkù tí ó wà níbi àmì, díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí ẹsẹ̀ kí àmì wà ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí òjé bá gòkè, ẹ fi kún un. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ dín in kù. Nígbà tí ẹ bá lè dá ẹsẹ̀ dúró níbikíbi tí ẹ fẹ́, tí kò sì yẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bí rímù bá jẹ́ alágbẹ̀dẹ-dà tí kò ní sípóòkù, irú òjé tí ó ní gọ́ọ̀mù ní ẹ̀yìn ni ẹ ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti nù ún mọ́. Bí ó bá ń bèèrè ju gíráàmù 60 lọ, ẹ tú afẹ́fẹ́, kí ẹ yí táyà ìdajì lórí rímù, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Òjé ní májèlé: kí ọmọdé má fi sí ẹnu, kí ẹni tí ó bá sì mú un fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú: mímú ẹsẹ̀ dọ́gba kò lè wo rímù tí ó tẹ̀ sàn. Ẹ di igi pẹlẹbẹ kan mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rímù bí ó ti ń yí. Bí àyè tí ó wà láàárín wọn bá ń fẹ̀, tí ó sì ń sún, rímù tẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tí ó mọ sípóòkù fà. Bákan náà ni táyà tí kò ní túùbù, bí etí rẹ̀ kò bá jókòó, kí ẹ gbé e lọ bá fọ́kanáísà tí ó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alágbára. Ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù àti iná fẹ́ ẹ bí àwọn kan ti ń ṣe. Àwa kò kọ ìwé yìí láti ba iṣẹ́ fọ́kanáísà jẹ́. Olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń padà sí àyè rẹ̀, ohun mẹ́ta ni kí ẹ má gbàgbé. Èkínní, kí ọ̀pá àárín wà níbi àmì kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ṣéènì má sì le jù, kí ó má sì dẹ̀ jù. Èkejì, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì ńlá náà dáradára, kí ẹ sì fi pín tuntun há a. Pín àtijọ́ kò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí dù. Ẹ̀kẹta, irin tí ó di ilé bíréékì ẹ̀yìn mú mọ́ ara alùpùpù: bí a bá gbàgbé nọ́ọ̀tì rẹ̀, ilé bíréékì yóò yí pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ yóò sì há lójijì. Ẹ fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ sókè. Ọmọbìnrin wa tí ó bó lórúnkún ni ó ń ka orúkọ wọn fún wa báyìí láti inú ìwé, òun ni ó sì ń di ẹfun mú.

Táyà tí ẹ yọ, ẹ má ṣe jù ú sí ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ wa ní Àmúwò kún fún omi, omi òjò inú táyà sì ni ilé ìbí ẹ̀fọn. Ẹ má ṣe sun ún, ẹ má sì ṣe tà á fún àwọn tí ń fi táyà wi awọ ẹran, nítorí èéfín rẹ̀ yóò padà wá sínú ìkòkò ọbẹ̀ yín. Ẹ lu ihò sí i lábẹ́, kí ẹ sì gbin ewédú sí i.

Ní ìparí, ẹ gbọ́ òfin ilé wa. Ẹni tí ó pààrọ̀ táyà ni yóò kọ́kọ́ gùn ún, òun nìkan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, yóò tún fi gééjì wo afẹ́fẹ́, yóò sì tún fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì. Fún kìlómítà 150 àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ sáré, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ ẹ́ jù ní kọ́nà, nítorí ara táyà tuntun a máa yọ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé agogo ilé ìjọsìn ti ń dún. A ti pẹ́ dé ìsìn lẹ́ẹ̀mejì nítorí òfin yìí, àwọn ará sì fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a dé, gbogbo wa ni a sì dé. Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín.